Ojú-Iná àti Ọmọ Ìyá Olóyin

Ọkùnrin kan jáde láti inú èéfín, ó gbá àpótí kan mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Ó ti fi kúbùsù tútù bo àpótí náà, omi ń kán láti ara rẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀. Èédú ti kun ojú rẹ̀ dúdú, eyín nìkan ló funfun, ó sì wa eyín náà pọ̀ gidi, nítorí pé kòkòrò oyin kan ti bà lé e lórí ìpéǹpéjú, kò sì ní ọwọ́ tí yóò fi lé e.

Obìnrin tó rí i yìí kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ máa ń wọ́n lẹ́nu. Aṣọ́gbó ni, ọ̀kan nínú àwọn tí ìjọba fa igbó ńlá náà lé lọ́wọ́. Àwọn ló ń mú ọdẹ tí kò gbàṣẹ, àwọn ló ń wá ẹni tó bá sọnù sínú igbó, àwọn náà ló ń dojú kọ iná nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ojú-Iná ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí pé bí iná bá ti kú tán, òun ni wọ́n máa ń rán lọ wo ibi tó ti ṣẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, iṣẹ́ tí wọ́n fún un kò ju kó lé gbogbo ènìyàn kúrò ní etí igbó lọ. Ó rò pé òun ti lé wọn tán.

"Ẹ gbé nǹkan yẹn jù sílẹ̀!" ló pariwo. "Ẹ sáré!"

"Mi ò lè gbé e jù," ni ọkùnrin náà dáhùn. "Àwọn tó wà nínú ẹ̀ pọ̀ jù wá lọ. Tí mo bá gbé e jù, àwa méjèèjì la máa sáré délé."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Oyin."

"Nítorí oyin lẹ ṣe fẹ́ kú?"

"Ti ìyá mi ni. Ẹ ò mọ ìyá mi, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń béèrè."

Iná ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kò sáré, ṣùgbọ́n kò dúró. Ojú-Iná wo ọkùnrin náà, ó wo àpótí náà, ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò yẹ kí òṣìṣẹ́ ìjọba sọ lójú ará ìlú, ó sì di apá kejì àpótí náà mú. Wọ́n gbé e sáré títí wọ́n fi dé ìdí ọkọ̀ àwọn aṣọ́gbó. Kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn, oyin ti ta obìnrin náà lọ́rùn, ó ti ta ọkùnrin náà ní ìpéǹpéjú, ó sì ti ta awakọ̀ tí kò mọwọ́-mẹsẹ̀ lórí imú.

"Ó ku méjì," ni ọkùnrin náà wí, ó ń wo ẹ̀yìn.

"Méjì kí ni?"

"Àpótí."

"Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yìí, màá fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè yín mọ́ ìjókòó."

Ó jókòó jẹ́ẹ́. Bàbá Awakọ̀, tó ti ń wakọ̀ fún àwọn aṣọ́gbó láti ìgbà tí Ojú-Iná ṣì ń lọ ilé ẹ̀kọ́, wo àwọn méjèèjì nínú dígí, ó sì fọwọ́ ra imú rẹ̀ tó ti ń wú. Lẹ́yìn ìgbà náà, ó sọ fún gbogbo ọ́fíìsì pé òun ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ń lọ láti ọjọ́ yẹn. Irọ́ ló ń pa. Kò sí ẹni tó mọ̀.

Iná náà jà fún ọjọ́ púpọ̀ ní ẹ̀yìn òkè kó tó kú. Ní gbogbo àkókò yìí, àpótí oyin náà wà lábẹ́ igi kan lẹ́yìn ọ́fíìsì àwọn aṣọ́gbó, nítorí pé ìyá tó ni ín kò ní ibòmíràn tó lè gbé e sí. Bó ṣe di pé ọmọ rẹ̀ ń wá síbẹ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn.

Káfíńtà ni. Òun ló ń kan àpótí fún ìyá rẹ̀, ó sì ń kan àga àti ilẹ̀kùn fún ẹni tó bá béèrè. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, ojú rẹ̀ kan ṣì wú débi pé kò lè là á. Ojú-Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí òkè dé ni, eérú bò ó látòkè délẹ̀, ó jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó ń bọ́ bàtà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá," ni káfíńtà wí. "Ọrùn yín ńkọ́?"

"Ó wà níbi tẹ́ ẹ fi í sí. Ojú yín ńkọ́?"

"Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́. Òun ni mo fi ń wò yín, ó sì tó mi."

Ojú-Iná gbé ojú kúrò. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ó ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọkùnrin rí, kò sì ka èyí kún. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó rí i pé òun ti sáré fọ ojú kí ọkùnrin náà tó dé, inú sì bí i sí ara rẹ̀.

Káfíńtà kò kánjú. Ó rí i pé ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ń ha ilẹ̀, ó yọ ọ́, ó fá abẹ́ rẹ̀, ó sì gbé e padà.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ tún un ṣe?" ni Ojú-Iná béèrè.

"Kò sẹ́ni. Ariwo ẹ̀ ni ò jẹ́ kí n gbọ́ ohùn yín dáadáa."

"Kí lẹ fẹ́ fi ohùn mi ṣe?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ ọ ná."

Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti oyin láìbẹ̀rù. Kéèyàn rọra ṣe, kó má ju ọwọ́, kó má mí gùlegùle. "Wọn ò fẹ́ràn ẹni tó ń kánjú," ló wí.

"Èmi náà ò fẹ́ràn ẹ̀."

"Mo ti rí i. Ìdí tí mo fi ń rọra nìyẹn."

Ojú-Iná rẹ́rìn-ín débi pé oyin méjì kúrò lẹ́nu àpótí, wọ́n wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Láti ọjọ́ náà, wọ́n pa "ẹ" tì láàárín ara wọn. Ó di "o", ó di "ìwọ", nígbà mìíràn ó máa ń di "olówó orí mi" lẹ́nu káfíńtà nígbà tó bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, obìnrin náà a sì sọ pé kò tíì sí ẹnì kankan tó san kọ́bọ̀ lórí ẹnì kankan.

Ìyá káfíńtà náà wá lọ́jọ́ kan. Ìyá Olóyin ni gbogbo etí igbó mọ̀ ọ́n sí, obìnrin kúkurú kan tí ohùn rẹ̀ ga jù ú lọ. Ó yẹ àpótí rẹ̀ wò, ó wá yíjú sí aṣọ́gbó.

"Ìwọ lo bá ọmọ mi gbé e?"

"Èmi ni, mà."

"O ṣeun. Olórí kunkun ni, ṣé o ti rí i?"

"Mo ti rí i, mà."

"Ọ̀dọ̀ bàbá ẹ̀ ló ti jogún ẹ̀."

Káfíńtà rẹ́rìn-ín sínú, nítorí pé bàbá rẹ̀, kó tó kú, kò borí nínú àríyànjiyàn kan rí nínú ilé yẹn. Ìyá Olóyin kò rí ẹ̀rín náà. Aṣọ́gbó ló rí i, ó sì fẹ́ràn ọkùnrin náà nítorí rẹ̀. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà sọ ọ́: ó fẹ́ràn rẹ̀, ó ń retí ẹsẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ tí kò bá wá a máa gùn.

Nígbà tí ilẹ̀ tutù tán, wọ́n rán Ojú-Iná lọ wo ibi tí iná ti ṣẹ̀. Iná máa ń fi àmì sílẹ̀ fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò. Ẹ̀gbẹ́ òkúta tó kọjú sí ibi tí iná ti ń bọ̀ ló máa ń dúdú jù, igi náà a sì jó ní ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ. Ó tẹ̀ lé àwọn àmì náà sẹ́yìn, láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń dìde. Bó ṣe ń sún mọ́ etí igbó ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wúwo. Àmì náà mú un dé ibi tí Ìyá Olóyin ń sin oyin sí.

Àpótí méjì tó ṣẹ́ kù ti di eérú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni agolo èéfín ìyá náà wà, èyí tí àwọn olóyin máa ń sun ewé gbígbẹ nínú rẹ̀ kí èéfín lè mú oyin rọlẹ̀. Ó dojú dé nínú koríko tó jó. Kò sí ohun mìíràn níbẹ̀ tó lè gbé iná, àfi ààlà iná tó kọjá níwájú ibẹ̀. Àwọn aṣọ́gbó fúnra wọn ló ń sun ààlà iná kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú gan-an, kí iná tó bá ń bọ̀ má bàa rí koríko jẹ. Ojú-Iná mọ̀ pé wọ́n ti sun ún, wọ́n sì ti pa á, nítorí náà kò wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó lọ bá Ìyá Olóyin nílé.

"Mà, láàárọ̀ ọjọ́ tí iná yẹn bẹ̀rẹ̀, ṣé ẹ lo agolo èéfín?"

"Mo lò ó."

"Ṣé ẹ pa iná inú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ?"

"Mo da omi sí i. Kó o tó mọ bàtà wọ̀ ni mo ti ń da omi sí i."

"Ṣé ó dá yín lójú pé lọ́jọ́ yẹn gan-an..."

Ìyá Olóyin wò ó suu. "Sọ èyí tó wà lọ́kàn rẹ síta, ọmọ mi."

Kò sọ ọ́ níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá àwọn aṣọ́gbó ló ti sọ ọ́. Ó lè sọ pé òun kò rí ibi tí iná ti ṣẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò já a nírọ́. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó sì rí i pé bí òun bá yí ọ̀rọ̀ náà padà nítorí ọkùnrin kan, òun kò ní lè wo igi kan tó jó mọ́ kí òun gba ojú ara òun gbọ́. Ó sọ ohun tó rí, pé láti ìdí agolo èéfín ìyá náà ni iná ti ṣẹ̀.

Ọ̀gá náà kò fi bò. Ó pe ìpàdé àwọn tó ń gbé etí igbó sí gbọ̀ngàn, ó sì gba àṣẹ tí Ìyá Olóyin ní láti máa sin oyin nínú igbó ìjọba kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Kí oṣù náà tó parí, àwọn aládùúgbò ti yí orúkọ rẹ̀ padà. Ìyá Oníná ni wọ́n ń pè é.

Ojú-Iná wá káfíńtà lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó bá a níbi tó ti ń fá pákó, ọkùnrin náà kò sì dáwọ́ dúró.

"Màmá ní àwọn da omi sí i," ni káfíńtà wí.

"Mo gbọ́."

"Ìyá mi kì í purọ́."

"Mi ò sọ pé wọ́n purọ́. Èèyàn lè gbàgbé."

"Ìwọ ńkọ́, ṣé o lè gbàgbé?"

"Èmi? Nídìí iná? Rárá o."

Ìgbà yẹn ni káfíńtà gbé irin ìfági rẹ̀ sílẹ̀. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ," ló wí. Kò tíì sọ ọ́ báyìí rí, ó sì wá jẹ́ pé inú eruku pákó, pẹ̀lú ìbínú lójú, ló ti ń sọ ọ́. "Mi ò ní í parọ́ pé mi ò nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mò ń jí rí ìyá mi tí wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí wọn ò níbi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n ti ní ọjọ́ tó o bá wọ ilé yẹn, àwọn á jáde. Mi ò mọ bí mo ṣe máa mú ọ wọlé."

"Má mú mi wọlé nígbà náà."

Ìgbéraga ló sọ̀rọ̀ yẹn, kì í ṣe òun. Ó ti dé ojú títì kó tó mọ̀, kò sì lè padà. Lọ́jọ́ kejì, káfíńtà wá gbé àpótí oyin náà kúrò lẹ́yìn ọ́fíìsì nígbà tó mọ̀ pé Ojú-Iná kò ní í sí níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ tà á fún olóyin mìíràn.

Ọdún yí po. Àwọn aṣọ́gbó ń yin Ojú-Iná pé kò wojú ẹnikẹ́ni, ọ̀gá sì ti sọ ọ́ síta pé òun ni wọn yóò fi ṣe olórí àwọn tó ń pa iná nígbà tí ìpàdé ọdún bá dé. Inú rẹ̀ dùn sí i níwọ̀nba. Ó máa ń pàdé káfíńtà lójú títì nígbà mìíràn.

"Ẹ kú iṣẹ́," ni ọkùnrin náà á wí.

"Ẹ ṣé," ni òun náà á fi dáhùn.

"Ẹ" yẹn ta á ju ti oyin lọ.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn tún ń bọ̀, àwọn aṣọ́gbó jáde lọ sun ààlà iná gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Bí wọ́n bá ti sun ún tí wọ́n sì ti bu omi pa á, Ojú-Iná á bọ́ ìbọ̀wọ́, á máa rìn lọ, á máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan eérú àti kùkùté igi níkọ̀ọ̀kan. Bó bá ti tutù, á ní, "Ó ti kú," kò sì sí ẹni tó tún máa ń wò ó lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀rí.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, Bàbá Awakọ̀ pè é lórí rédíò ọwọ́. Èéfín ń rú, kì í ṣe láti inú ààlà iná náà o, láti inú koríko tí wọn kò sun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni. Wọ́n sáré lọ, wọ́n pa á kíá, kò sì jó nǹkan. Ṣùgbọ́n Ojú-Iná fẹ́ mọ ibi tó gbà wá. Ó mú ṣọ́bìrì, ó gbẹ́ ilẹ̀. Kùkùté kan wà lórí ààlà iná náà tí òun fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ kàn tó tutù nini. Nísàlẹ̀ rẹ̀, gbòǹgbò kan ń pọ́n yòò nínú ilẹ̀. Ó ti ń jó lọ lábẹ́ ilẹ̀ jẹ́ẹ́ láti ọjọ́ yẹn, títí tó fi yọrí sínú koríko.

Ojú-Iná dúró, ṣọ́bìrì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló dé?" ni Bàbá Awakọ̀ béèrè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wa ọkọ̀ lọ sí ibi tí Ìyá Olóyin ń sin oyin sí."

Koríko tuntun ti hù níbẹ̀. Ó wá ojú ààlà iná ti ọdún tó kọjá, ó rí kùkùté kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́. Kò pẹ́ tí ṣọ́bìrì fi já sí ihò. Gbòǹgbò tó wà níbẹ̀ ti jó tán, ọ̀nà rẹ̀ nìkan ló kù, erùpẹ̀ tó yí i ká ti sun pupa bí ìkòkò. Ó tẹ̀ lé ihò náà, ó ń gbẹ́ ẹ lọ díẹ̀díẹ̀, títí tó fi jáde sókè ní ẹ̀gbẹ́ ibi tó ti rí agolo èéfín. Ìyá náà da omi sí i lóòótọ́. Iná náà kò bá agolo tan rárá. Ti àwọn aṣọ́gbó ni, òun Ojú-Iná gan-an ló sì fọwọ́ kàn án tó ní ó ti kú.

Ó jókòó sílẹ̀ nínú erùpẹ̀.

Bàbá Awakọ̀ wo ihò náà fún ìgbà pípẹ́. "Bí òjò bá ti rọ̀ sí i, á wó," ló wí. "Kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Wọ́n fẹ́ fi ọ́ ṣe olórí."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, bàbá."

"Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni." Ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ojú ihò náà kí ẹlòmíràn lè rí i dáadáa.

Ọ̀gá wá wò ó. Ó káwọ́ lẹ́yìn, ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀. Ó ní kò burú, àwọn yóò rọra dá àṣẹ ìyá náà padà fún un, kò pọn dandan kí wọ́n máa ṣàlàyé fún gbogbo ayé.

"Ní gbangba la ti bà wọ́n lórúkọ jẹ́, sà," ni Ojú-Iná wí. "A ò lè tún un ṣe ní kọ̀rọ̀."

"Ìwọ lo máa fara gbá a o, kì í ṣe èmi."

"Mo gbà bẹ́ẹ̀, sà."

Ó pe káfíńtà lórí fóònù. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè mú màmá wá sí gbọ̀ngàn lọ́jọ́ ìpàdé?"

"Kí lẹ tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn?"

"Kò sí. Nǹkan wọn kan wà lọ́wọ́ mi tí mo fẹ́ dá padà."

Káfíńtà lè béèrè kí ni, kò béèrè. "A óò wá," ló wí.

Gbọ̀ngàn kún. Ìyá Olóyin jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kẹ́yìn pátápátá, ó fi ìborùn bo orí, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n pe Ojú-Iná síwájú, àwọn kan tilẹ̀ ti ń pàtẹ́wọ́, nítorí wọ́n rò pé oyè tuntun rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kéde.

Kò lo ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní iná ọdún tó kọjá kò wá láti ọwọ́ ìyá tí wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣàlàyé kùkùté, ó ṣàlàyé gbòǹgbò, ó ní ihò náà ṣì wà níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ lè lọ wò ó lọ́la. Ariwo sọ.

"Ṣé ẹ kì í yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá sun ún ni?" ni ọkùnrin kan béèrè látàárín.

"A máa ń yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ta ló yẹ èyí wò tó ní ó ti kú?"

"Èmi ni."

Ojú-Iná wo ẹ̀yìn, ó wo Ìyá Olóyin lójú. "Mà, ẹ ní ẹ da omi sí i, mi ò gbà yín gbọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo gbà gbọ́. Mo bẹ̀ yín."

Ìyá Olóyin dìde. Ó tún ìborùn rẹ̀ wé, ó sì jáde. Káfíńtà tẹ̀ lé e. Lẹ́nu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, kò sì ṣeé mọ̀ láti òkèèrè ohun tó wà lójú rẹ̀.

Wọ́n fi ẹlòmíràn ṣe olórí. Wọ́n gbé Ojú-Iná lọ sí ẹnu géètì igbó, níbi tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó wá wo ẹranko, tí wọ́n sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má ju sìgá sílẹ̀. Wọ́n dá àṣẹ Ìyá Olóyin padà fún un. Àwọn aládùúgbò padà sí orúkọ rẹ̀ àtijọ́ wéré, wọ́n ń pè é bíi pé wọn kò fìgbà kan jáwọ́. Kò dá wọn lóhùn fún ìgbà díẹ̀.

Ojú-Iná kò retí ẹnikẹ́ni. Ó ti gbà pé òun ti dá ohun tí kì í ṣe tòun padà, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Nígbà tó rí káfíńtà lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń rìn bọ̀ wá sí géètì, ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni láti já tíkẹ́ẹ̀tì fún un.

"O rù," ni káfíńtà wí.

"Ìwọ náà rù."

Káfíńtà fara ti ọ̀pá géètì. "Ọjọ́ tó o wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù," ló wí, "kì í ṣe pé o ṣàṣìṣe ló bí mi nínú. Mi ò mọ̀ pé o ṣàṣìṣe nígbà yẹn. Ohun tó bí mi nínú ni pé o ò parọ́ nítorí mi. Mo fẹ́ kó o bá mi parọ́. Ojú ń tì mí láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ọ nínú gbọ̀ngàn."

"Èmi ni kójú tì."

"Ojú ti tì ọ́ tó. Jẹ́ kó kan tèmi." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mo fẹ́ fẹ́ ọ. Mo ti ń rọra bọ̀ láti ọdún tó kọjá, mo rò pé mo ti rọra tó."

Ojú-Iná fẹ́ rẹ́rìn-ín, omi ló jáde lójú rẹ̀. "Màmá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà nínú ọkọ̀."

"Ọkọ̀ wo?"

Fèrè ọkọ̀ kan dún lábẹ́ igi lọ́hùn-ún, ó dún gan-an, ó sì tún dún. "Èyí yẹn," ni káfíńtà wí. "Wọ́n ní mo ti ń pẹ́ jù."

Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, ìyá rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń bọ̀. Ojú-Iná jáde nínú yàrá géètì, ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn. Ìyá Olóyin dúró níwájú rẹ̀.

"Ọjọ́ tó o lọ fẹjọ́ mi sùn, ṣé o mọ̀ pé mi ò ní í fún ọ lọ́mọ mi mọ́?"

"Mo mọ̀, mà."

"Ọjọ́ tó o fẹjọ́ ara rẹ sùn, ṣé o mọ̀ pé wọ́n á gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ?"

"Mo mọ̀, mà."

"Ṣé ẹnì kan ló ní kó o sọ ọ́?"

"Rárá, mà."

Ìyá Olóyin mí kanlẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo obìnrin tó kúnlẹ̀. "Ó dùn mí o. Ọdún kan gbáko ni mo fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí àwọn ọmọ kéékèèké ń pè mí ní Ìyá Oníná. Mi ò tíì dárí jì ọ́ tán, mi ò ní í tàn ọ́. Díẹ̀ ṣì kù."

Ojú-Iná kò gbé orí sókè.

"Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn dá ìgbéyàwó dúró," ni ìyá náà wí, ó na ọwọ́ láti fà á dìde. "Èyí tó kù, tó o bá dé ilé wa, màá máa rí ọ lójoojúmọ́, màá parí ẹ̀ níbẹ̀."

"Ẹ ṣé, Màámi," ni Ojú-Iná wí, ó sì di ọwọ́ náà mú.